Etí Ìwé

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń wọn apá àwọn ará Gwagwalada,
ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, bí ẹni tó ń bẹ ilé àna wò.
Mo mọ ajá tó ń gbó lásán àti èyí tó ń gbó tọkàntọkàn.
Mo mọ ibi tí àgbàrá ń gbà wọlé bí odò Usuma bá kún.
Tépù kan, òṣùwọ̀n kan, ẹ̀rọ tó ń fún apá,
àti fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rìnlá:
Ṣé ẹ ń mu sìgá? Ṣé ẹ ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná?
Ta ló kú nínú ilé bàbá yín, kí ló pa á?
"Ọjọ́ ló pé," ni wọ́n máa ń wí.
Kò sí àpótí fún "ọjọ́ ló pé" nínú fọ́ọ̀mù mi.

Ilé kejìlélógóje: Tanimu télọ̀.
Nígbà àkọ́kọ́, tépù tirẹ̀ ló fi wọn ìbàdí ara rẹ̀,
ó ní tèmi ti fà, pé tépù ìjọba kì í pé.
Ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. A jọ rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà ó ra ọ̀kadà;
ẹsẹ̀ tó máa ń rìn dé Dobi wá ráyè sinmi.
Mẹ́rìndínlógójì. Ogójì.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè bí ẹni tó ń gun àkàbà lóru,
tí kò fẹ́ kí onílé gbọ́.
Mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ilé ìwòsàn.
Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ki ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń mì.
Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ bá a lójijì.
Lójijì kẹ̀?
Mo mọ gbogbo ibùsọ̀ tí àrùn náà ti dúró mumi.
Ọdún méjìlá ló fi ń bọ̀,
èmi náà sì wà lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Shekwolo, ilé tó tẹ̀ lé e.
Gbagyi ni; èjìká ló fi ń ru igi,
ó ní orí lọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba.
Ìgbàkigbà tí mo bá dé, á bi mí:
"Ìwọ Yorùbá yìí, ò ń wọ̀n, ò ń wọ̀n,
ìgbà wo lo fẹ́ rán an?"
Mo ní ìmọ̀ la ń wá, ìyá, nítorí àwọn ọmọ yín.
Ó ní àwọn ọmọ òun kì í jẹ ìmọ̀.
Ó bu kúnú fún mi. Mi ò béèrè bóyá ṣúgà wà níbẹ̀.

Ọ̀gá wa ní Abuja ní kí n yé kọ nǹkan sí etí ìwé.
Nọ́ńbà nìkan, ó ní, ẹ̀rọ kò mọ ìtàn kà.
Ṣùgbọ́n ohun tó bá ní etí, ó yẹ kó gbọ́ nǹkan.
Mo ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́, wínníwínní:
Oògùn ti tán láti ìgbà ààwẹ̀.
Ó gbálẹ̀ dè mí.
Ẹ̀rọ fún un lápá, ó bú sẹ́rìn-ín,
ó ní ọkọ òun ò di òun mú tó báyìí rí.

Ọdún tí katakata wó ẹ̀gbẹ́ títì,
ilé mọ́kànléláàádọ́ta sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.
"A kò rí wọn mọ́," mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fi wá sílẹ̀.

Lánàá, Shekwolo fúnra rẹ̀ jókòó síwájú mi,
ẹni ogójì ọdún, apá ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.
"Wọ́n ní ìyá mi wà nínú ìwé yín. Kí ló sọ?"
Mo ṣí fáìlì. Mo fo gbogbo nọ́ńbà.
Mo kà á fún un láti etí ìwé, títí dé ọ̀rọ̀ ọkọ.
Mo ti gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lápá rẹ̀,
pé a kì í rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rọ bá ń fúnni.
Nọ́ńbà náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.
A ó tún un wọ̀n. Ìṣẹ́jú márùn-ún.
Mo mú pẹ́ńsù.